Oòrùn Ń Jẹ Owó Ọlọ́kadà ní Ọ̀fà: Ẹ Jẹ́ Ká Wá Ìbòòji fún Wọn

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Owódé ní ìlú Ọ̀fà ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, tó sì wo àwọn alùpùpù tó ń dúró de èrò, yóò rí ohun kan tí ojú wa ti mọ́ débi pé a kò kà á sí mọ́. Èyí tó pupa fòò lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ti ṣá. Èyí tó jẹ́ búlúù ti di àwọ̀ eérú. Ike tó bo ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ti funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Bẹ́ẹ̀, ẹ wo táǹkì epo máṣíìnì kan náà, èyí tó jẹ́ irin tí wọ́n fín ọ̀dà sí: ó ṣì ń dán ní tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán nìyẹn, pé kí ló kan ọlọ́kadà kan ẹwà, ṣebí owó ló ń wá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọlọ́kadà tó fẹ́ ta máṣíìnì rẹ̀ nítorí owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò yí i po lẹ́ẹ̀kan, yóò fọwọ́ pa ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun yóò sì mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Alájì, máṣíìnì yìí mà ti gbó o.”

“Ẹ̀gbọ́n, kò gbó rárá, oòrùn ló bà á lára jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣáná sí i, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.”

“Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ojú lẹni tí mo bá fẹ́ tà á fún máa kọ́kọ́ wò.”

Ibẹ̀ ni owó yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ọkùnrin náà tọ́jú tọkàntọkàn kò ní gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò, tí náírà náà sì já wálẹ̀, ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò fi bẹ́ẹ̀ tó máṣíìnì tuntun mọ́. Àlòkù ni ọ̀pọ̀ ń rà, àlòkù náà ni wọ́n ń tà. Ẹni tí oòrùn bá ti jẹ ike máṣíìnì rẹ̀ ti pàdánù lára owó tó fi pamọ́ síbẹ̀.

Kí ló ń fà á? Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ultraviolet. Bí ẹ bá lè rí inú ike, ẹ ó rí i pé ó dà bí òwú gígùn tó wé mọ́ ara wọn. Ìtànṣán yìí ló ń já òwú náà sí wẹ́wẹ́, ohun tó já yìí ló ń di ìyẹ̀fun funfun. Ó tún ń jẹ aró tí wọ́n pò mọ́ ike náà. Aró pupa àti yẹ́lò wà lára àwọn tó sábà máa ń tètè ṣá, ṣùgbọ́n ike dúdú tí wọ́n fi èédú lẹ́búlẹ́bú pò máa ń pẹ́, nítorí èédú náà ló ń gba ìyà oòrùn jẹ fún un.

Ọ̀fà wà ní nǹkan bí digírì 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìdí nìyí tí oòrùn ọ̀sán fi ń dúró sí àárín orí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù kẹrin àti ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹjọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé láti oṣù kọkànlá, ojoojúmọ́ ni máṣíìnì ń yá oòrùn.

Ẹni tó bá rò pé àwọ̀ nìkan ló ń lọ, kó rántí kẹ́tù àlùwàlá tàbí àga oníke tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Kò ha máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí a bá jókòó lé e? Bákan náà ni ike ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ṣe ń sán. Akoto tí wọ́n ń so kọ́ ara máṣíìnì láti àárọ̀ di alẹ́ náà wà nínú oòrùn kan náà. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọlọ́kadà dé akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn kan gbé igbá dérí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n akoto tí oòrùn ti jẹ okun rẹ̀ tán kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá lọ. Àwọ̀ tó ń ṣá ni ìkìlọ̀ tí ojú lè rí.

Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa ike náà kó lè dán. Ọjọ́ kan ni yóò fi dán, eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró bíréèkì tí àwọn mìíràn ń fi pa á burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń bó ọ̀dà. Ẹni tó bá sì fẹ́ fín ọ̀dà tuntun sí ike, kó rí i pé wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó wà fún ike pa á, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò bó kúrò bí èèpo.

Ìbòòji ni oògùn rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́. Ṣebí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má sá àdìrẹ pẹ́ lójú oòrùn, ká sì yí inú rẹ̀ síta, kí aró má baà ṣá? Ẹnìkan lè sọ pé ìta ni ọlọ́kadà ń gbé, ìbòòji kí ló fẹ́ ṣe é? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń dúró de èrò, pàápàá lágbedeméjì aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin tí oòrùn mú jù lọ. Mo ń rọ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀fà, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àti Offa Descendants Union, kí wọ́n kọ́ àtíbàbà onípáànù sí àwọn ìdíkọ̀ ńláńlá, kí wọ́n sì gbin igi dóńgóyárò síbi tí agbára wọn kò bá ti ká páànù. Èrò tó ń dúró yóò jàǹfààní, awakọ̀ yóò jàǹfààní, máṣíìnì náà yóò sì pẹ́.

Èyí tó kù di ọwọ́ àwọn tó ń kó ọjà wọlé. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń gbé ike àti ọ̀dà sínú oòrùn Florida àti Arizona láti dán an wò. Èròjà wà tí wọ́n lè pò mọ́ ike láti kojú oòrùn, owó rẹ̀ nìkan ni ẹni tó ń wá èrè ojú ẹsẹ̀ kì í fẹ́ ná. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àjọ SON, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, ti ní ètò SONCAP láti ọdún 2005 láti yẹ ọjà wò kó tó gbéra lókè òkun. Kí wọ́n bi àwọn tó ń kó ike máṣíìnì wọlé léèrè bí yóò ṣe rí lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn méjì nílẹ̀ yìí.

A kò lè bá oòrùn jà, Ọlọ́run ló dá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi máṣíìnì bọ́ aya àtọmọ kò yẹ kó máa dá gba oòrùn yìí sára, òun àti irinṣẹ́ rẹ̀.