Ìyá Arúgbó Kì í Ṣe Àjẹ́

Bí bàbá arúgbó bá ṣìnà ní Ajah, àwọn èrò á ní, "Ẹ fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sílé, wọ́n ti ń ṣarán." Bí ìyá arúgbó bá ṣìnà níbi kan náà, wọn á yí i ká, wọn á ní ẹyẹ ló já bọ́ tó di ènìyàn, kí ó jẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "wọn" ni bàbá, "ó" ni ìyá. Ta ló kọ́ wa pé ti ọkùnrin ni àìsàn, ti obìnrin ni ìkà?

A mú ìyá ìyá mi wá láti abúlé sí Ṣàngótẹ̀dó. Wọ́n ń fi owó pamọ́ sínú ìrẹsì, wọ́n á ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló jí i. Wọ́n á ki oríkì mi láìṣì, wọ́n á wá béèrè ọmọ ta ni mí. Dókítà kan bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ní ara Màmá le, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe dá ṣáká lẹ́nu wọn. Ọdún méjì la fi ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn gan-an ló tàn wá. Ìwádìí fi hàn pé ìrántí ọ̀rọ̀ obìnrin sábà máa ń dára ju ti ọkùnrin lọ, kódà nígbà tí àrùn Alzheimer bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ nìkan dán wọn wò kò ní tètè rí i. Purotéènì méjì ló ń ba ọpọlọ náà jẹ́: amyloid ń dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, tau ń lọ́ pọ̀ nínú wọn. Nínú àwòrán ọpọlọ tí àwọn olùwádìí yà, bí amyloid ọkùnrin àti ti obìnrin bá tilẹ̀ dọ́gba, tau obìnrin ló sábà máa ń pọ̀ jù. Kí ẹnu tó tàsé, inú ti bàjẹ́ jìnnà.

Ẹ ó ní obìnrin ló ń pẹ́ láyé jù. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀mí gígùn nìkan kò ṣàlàyé tau yẹn. Ẹ ó ní àrùn òyìnbó ni. Ẹ lọ béèrè ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, níbi tí àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà wò ní 1992, tí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé nínú 100 ẹni tó ti pé ọdún 65 sókè, Alzheimer ń mú 1.15 lọ́dún n'Íbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà.

Ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ń lé jáde ní ìdájí, tí ẹ ń fi Màmá ti ọmọ ọ̀dọ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí ẹ máa wò. Ṣé wọ́n ṣì lè ka ṣéńjì? Ṣé wọ́n ń rántí pa gáàsì? Ẹ̀yin wòlíì, ẹ gbàdúrà, a ó ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹ má bi ìyá wa léèrè iye ọmọ tí wọ́n ti pa jẹ.