Ẹ Má Jẹ́ Kí Eré Maṣíìnì Ba Iṣẹ́ Wa Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan ẹ̀yin télọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ jù, ṣùgbọ́n kí ìyá tó ń ta aṣọ àti bàbá tó ń ta òwú má ṣe kọjá rẹ̀. Àpò kan náà ni owó gbogbo wa wà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ yá àwọn télọ̀ wa kan lówó kí wọ́n lè máa fi àjákù àǹkárá rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀, èyí tí òwú pẹlẹbẹ wà láàrin rẹ̀, inú wa dùn. Ohun tí à ń gbá dànù tẹ́lẹ̀ di owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún Igógo kù sí dẹ̀dẹ̀, tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ maṣíìnì bí ẹni tí ajá ń lé. Nígbà tí àwọn oníbàárà tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n rí i pé òkè rẹ̀ kò bá ìsàlẹ̀ dọ́gba mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì hunjọ bí awọ ojú arúgbó. Nínú mẹ́fà tó rán, mẹ́rin ni wọ́n dá padà. Owó tí ì bá fi san gbèsè ẹgbẹ́ ló fi ra òwú àti aṣọ mìíràn. Àwa tí à ń kọ̀wé ẹgbẹ́ la jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Ìwàǹwára ló bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Maṣíìnì tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ìbáà ṣe Singer àtijọ́, ìbáà ṣe Butterfly ti ilẹ̀ Ṣáínà, ìsàlẹ̀ abẹ́rẹ́ ni eyín rẹ̀ wà. Eyín yìí ló ń fa aṣọ lọ, aṣọ ìsàlẹ̀ ló sì ń dì mú. Ẹsẹ̀ irin tó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lókè kò ní eyín, ńṣe ló ń dá aṣọ òkè dúró. Bí aṣọ bá fẹ́lẹ́, a kò ní í mọ̀. Bó bá di ìpele mẹ́ta, tí òwú wà láàrin, ti ìsàlẹ̀ á ti máa lọ, ti òkè á máa ṣẹ́kù sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni, àmọ́ kí a tó rán an dé ìpẹ̀kun, ó ti di ìbú ìka méjì.

Irinṣẹ́ kan wà fún èyí, walking foot ni wọ́n ń pè é. Àwa lè pè é ní ẹsẹ̀ arìn. Òun náà ní eyín tirẹ̀ lókè. Apá kékeré kan lára rẹ̀ ń kọ́ ìdè abẹ́rẹ́, kí ó lè gbé ẹsẹ̀ sókè nígbà tí abẹ́rẹ́ bá gòkè, kí ó sì tún gbé e sílẹ̀. Eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ á wá jọ fa aṣọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá de ẹsẹ̀ arìn mọ́ maṣíìnì, tó tún ń sáré, kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí ó ti ń rìn, ó gbọ́dọ̀ ráyè tẹ aṣọ dáadáa kí abẹ́rẹ́ tó tún sọ̀ kalẹ̀. Eré àsápajúdé á mú kí abẹ́rẹ́ fo ojú rírán. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá tẹ maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ falẹ̀ jù, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè yí padà sẹ́yìn, òwú á sì já. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń rìn lọ sọ́jà, kì í ṣe bí ẹni tó ń sá fún òjò. Kí ìtẹ̀ náà dọ́gba látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí ojú rírán gùn tó mìlímítà 3, kí abẹ́rẹ́ jẹ́ nọ́ńbà 14 tàbí 16. Ẹ kọ́kọ́ fi pín-ìnnì de ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ fa aṣọ.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ òyìnbó ni èyí. Rárá o. Láyé àtijọ́, àwọn ẹlẹ́ṣin ogun ilẹ̀ Haúsá ń fi òwú igi àràbà kì sínú aṣọ fún ẹṣin wọn, lìfídì ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, wọn kò kánjú.

Àwọn mìíràn á ní, “Akọ̀wé, oníbàárà kò ní í dúró dè wá.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí aṣọ rẹ̀ bàjẹ́ á tún padà wá? Ẹni tó bá ti tú aṣọ alábùlẹ̀ rí mọ̀ pé ìtúdà gba àkókò ju rírán lọ.

Láti 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun tí irú ẹgbẹ́ wa wà fún ni pé ohun tí apá ẹnì kan kò ká, kí gbogbo wa jọ gbé e. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fẹ́ kí ìpàdé gbé yẹ̀ wò. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ra ẹsẹ̀ arìn méjì tí àwọn télọ̀ á máa yá lò, kí a máa kọ orúkọ ẹni tó mú un sínú ìwé. Kí a gbé maṣíìnì lọ dán an wò kí a tó sanwó, nítorí gíga ẹsẹ̀ maṣíìnì kò rí bákan náà. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ yáwó fún iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ rán àpẹẹrẹ kékeré wá kí ìgbìmọ̀ wò ó. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gba àsansílẹ̀ lórí iṣẹ́ tí ọjọ́ kò lè gbà. Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ń bá wọn gba iṣẹ́, ẹ sọ òótọ́ ọjọ́ fún oníbàárà.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wá sí ìpàdé kí a jọ sọ ọ́. Ire o.