Ta Ni Ń Bọ́ Ọmọ Òkété?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti jókòó ní kíláàsì Yorùbá rí. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ lórí ojúṣe ọmọ sí òbí, olùkọ́ a sì fi bírò pupa sàmì sí i pé ó dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ. Kò sọ ẹni tí yóò máa bọ́ ọmọ òkété náà kí ọmú rẹ̀ má baà gbẹ. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ìyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá fara pamọ́ sí, pàápàá àwọn tí ń tọ́jú òbí tí àrùn ìgbàgbé ń bá fínra.

Ìyangàn kan wà tí kì í tán lẹ́nu Yorùbá. Wọn a ní àwọn Òyìnbó ni wọ́n ń kó òbí wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó, pé ọmọ Oòduà kò jẹ́ ṣe irú rẹ̀ láéláé. Ìyangàn náà dùn ún gbọ́. Àmọ́ bí a bá fi ojú inú wò ó, ẹni tí ń yangàn kì í sábà jẹ́ ẹni tí ń fọ aṣọ tí ìyá tọ̀ sí. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń yangàn, èyí tí ó wà ní Lẹ́kí ń yangàn, àwọn mọ̀lẹ́bí tí ń yọjú lọ́dún Iléyá àti lọ́dún Kérésìmesì náà ń yangàn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, bóyá àbíkẹ́yìn, bóyá èyí tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ni ó wà nílé pẹ̀lú ìyá. Ọrùn ẹnì kan ni wọ́n so àṣà gbogbo ìran rọ̀ sí.

Kí a mú irú ìlú bí Ìmọ́tà, ní agbègbè Ìkòròdú, lójú ọ̀nà tí ó gba Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìjọba mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ síbẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, níbo ni ọmọ tí ń tọ́jú ìyá tí kò rántí nǹkan mọ́ yóò fi ìyá sí fún wákàtí mẹ́ta kí ó fi lọ ná ọjà? Yóò yàn nínú méjì: kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá, tàbí kí ó pa ọjà tì. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn, ìyá lè tan sítóòfù kí ó gbàgbé rẹ̀ sórí iná. Bí kò bá tì í, ìyá lè jáde lọ wá ilé bàbá rẹ̀ tí ó ti wó láti ogójì ọdún. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá sùn, ìyá yóò jí, yóò máa di ẹrù, yóò ní ilẹ̀ ti mọ́, ọkọ òun ń dúró. Ọkọ náà ti kú tipẹ́. Bí ọmọ bá sọ fún un pé ó ti kú, ẹkún ọ̀tun ni. Bí kò bá sọ fún un, ẹrù dídì kò ní tán. Lówùúrọ̀, ìyá yóò wo ojú ọmọ tí ó ṣọ́ ọ mọ́jú, yóò sì bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

Ohun tí ń ṣe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Ní ọdún 1906 ni dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó kú. Orúkọ dókítà náà ni àrùn ọ̀hún ń jẹ́ títí di òní. Àrùn Alzheimer ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn àrùn tí ń ba ìrántí àti òye àgbàlagbà jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé mílíọ̀nù 57 ènìyàn ni irú àwọn àrùn wọ̀nyí wà lára wọn káàkiri àgbáyé ní ọdún 2021, àti pé èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un: wọ́n ní àgbàlagbà ń ṣarán. Ọ̀rọ̀ náà lágbára, ṣùgbọ́n ó ń tanni jẹ, nítorí ó ń mú kí àrùn dà bí ọjọ́ orí lásán. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí lásán ni, gbogbo arúgbó ni ìbá máa ṣarán; bẹ́ẹ̀ àwọn arúgbó kùjọ́kùjọ́ wà tí wọ́n ṣì ń ki oríkì ìdílé wọn láìfo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Orúkọ kejì tí wọ́n ń pè é ni ó burú jù: àjẹ́. Ìyá tí ó ṣìnà lóru, tí wọ́n bá lẹ́yìnkùlé onílé, tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀, kì í pẹ́ kí ariwo tó gba àdúgbò pé ẹyẹ ni ó jábọ́ tí ó di ènìyàn. Òkúta àti táyà a sì máa tẹ̀lé irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ni wọ́n ń fi ẹgba bi léèrè iye ọmọ tí ó ti pa jẹ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àrùn Òyìnbó ni, kí ó gba Ìbàdàn kọjá. Ní àdúgbò Ìdíkàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń yẹ ìrántí àwọn tí ó ti pé ọdún 65 sókè wò. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Indiana ń ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn Aláwọ̀dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀ṣuntókun kú ní ọdún 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn mìíràn tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 hàn kedere: nínú àwọn Yorùbá 2,459 tí ó wà nínú ìwádìí náà, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dún kan. Nínú àwọn 2,147 ti Indianapolis, ìdá 2.52 ni. Ti Yorùbá kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ohun tí ó yẹ kí ó dun ọmọ Yorùbá ni pé ojúlé Yorùbá ni wọ́n wọ̀, iyè àwọn ìyá àti bàbá Yorùbá ni wọ́n yẹ̀ wò, àmọ́ ọwọ́ àjọ ìjọba Amẹ́ríkà ni owó iṣẹ́ náà ti wá. Ẹni tí ó ni owó ìwádìí ni ó sì ń yan ìbéèrè tí ìwádìí yóò dáhùn.

Ibí yìí ni eré sísá ti wọ ọ̀rọ̀. Láti ọdún 1981 ni wọ́n ti ń sá eré máratọ́ọ̀nù ní Lọ́ńdọ̀nù, eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin tí ó gùn tó kìlómítà 42.195. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá a kò retí ẹ̀bùn kankan. Sárésáré yóò lọ bá ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará ibi iṣẹ́, yóò ní òun yóò sá eré náà dópin, kí àwọn náà sọ ohun tí wọn yóò dá fún àwọn aláìsàn. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ méjì tí ń gbógun ti àrùn ìgbàgbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alzheimer's Society àti Alzheimer's Research UK, ni wọ́n fi ṣe ẹgbẹ́ àánú tí eré náà ń polówó jù lọ. Gbogbo owó tí àwọn sárésáré kó jọ lọ́dún náà fún oríṣiríṣi ẹgbẹ́ àánú ju mílíọ̀nù 66 pọ́n-ún lọ.

Èkó náà ní tirẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2016 ni eré máratọ́ọ̀nù ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ni ó gba ipò kìíní, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ 50,000 dọ́là. Kò sí ẹ̀sùn nínú ìyẹn. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ni kí ó jẹ èrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ará Èkó ń bi ara wọn lẹ́yìn eré ni ẹni tí ó gbégbá orókè. Wọn kì í bi ara wọn pé aláìsàn mélòó ni eré náà ràn lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò ní àṣà àjèjì ni kí ènìyàn máa fi eré sísá tọrọ owó. Wọ́n ti gbàgbé ọ̀wẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnì kan lọ, Yorùbá a pe ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bá wá kò gba owó. Òógùn ojú rẹ̀ ni ó mú wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àáró, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ fi ń bá ara wọn ro oko, lónìí ti lágbájá, lọ́la ti tàmẹ̀dù. Nígbà tí ìtọ́jú ìyá bá di ti ọmọ kan ṣoṣo, àáró ti bàjẹ́: oko kan náà ni ó ń ro lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ń bọ̀ wá ro tirẹ̀. Eré tí ìlú bá sá nítorí rẹ̀, ọ̀wẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹsẹ̀ kì í wo àrùn. Òtítọ́ ni. Kò tíì sí oògùn tí ń wo Alzheimer sàn. Lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2023, ń dín eré àrùn náà kù díẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn ni, iye tí wọ́n sì dá lé e lọ́dún kan jẹ́ 26,500 dọ́là. Ta ni yóò san án ní Ìmọ́tà? Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí owó irú eré bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú kí ó tó dé ibòmíràn. Kí wọ́n fi ra pámpáàsì àgbàlagbà. Kí wọ́n fi san owó ọkọ̀ lọ sí Yábàá, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà, nítorí ìgbàgbé mìíràn wà tí ó ti inú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìtó èròjà kan nínú ara wá, tí dókítà sì lè wò ó. Kí wọ́n fi gba ẹni tí yóò bá ìyá jókòó lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ kí ọmọ lè ná ọjà, kí ó sì lè sùn. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n yọ ìpín kan sọ́tọ̀ fún ìwádìí nílẹ̀ Yorùbá, kí Yorùbá lè ní ẹnu nínú ìbéèrè tí wọn yóò máa béèrè.

Àwọn kẹta yóò ní wọn yóò jẹ owó náà. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù olè kì í ní kí àgbẹ̀ má gbin iṣu. Ṣe ni ó ń mú kí ó ṣọ́ oko. Kí wọ́n lẹ iye owó tí ó wọlé àti ọ̀nà tí ó gbà jáde mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin Ranodu, kí ojú gbogbo ìlú máa wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àrùn Alzheimer. Kò sí ohun tí ó ní kí òwúrọ̀ ọjọ́ náà má bá Ìmọ́tà lórí ìdúró. Eré kìlómítà 42 kì í ṣe ti ọmọdé, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Kìlómítà márùn-ún tó akẹ́kọ̀ọ́, ìrìn ẹsẹ̀ tó àgbàlagbà, kí ó ṣáà jẹ́ kùtùkùtù, kí omi wà, kí wọ́n sì dá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ sí ẹni tí kò sí. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, kí wọ́n kọ ọ́ sí oníṣòwò, sí alága ìdàgbàsókè, sí ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun, kí wọ́n fi Yorùbá tí ó yè kooro béèrè ohun tí wọn yóò dá. Àwọn ọmọ tí ó bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò ní sọ òkúta lu ìyá tí ó bá ṣìnà.

Ẹbí tí kò rí owó pámpáàsì oṣù kan ra a máa rí owó màlúù ìsìnkú. Aṣọ ẹbí yóò jáde, kánópì yóò gba òpópó, olórin yóò ki ọmọ tí kò fọ aṣọ ìyá rẹ̀ rí, wọn yóò sì ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Kí àwọn olùkọ́ èdè rán wọn létí pé ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín kí ọmọ sin ìyá àti kí ọmọ sìn ín. Èyí àkọ́kọ́ ń gba ọjọ́ mẹ́ta, èyí kejì lè gba ọdún mẹ́wàá. Òkété tí ń mu ọmú kò jẹ̀bi, ọmọ tí ń fún un lọ́mú kò jẹ̀bi. Ẹbí tí ó jókòó tí ń pa òwe lé wọn lórí ni kí ó dìde, kí ó so okùn bàtà rẹ̀.