Kí Ẹ Tó Ra Jíìpù Yẹn, Ẹ Béèrè Nọ́ńbà Ṣásí

Ọ̀rọ̀ jíìpù ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá Lexus RX, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò wa ń rà ní tòkunbọ̀. N kò wá láti bú ẹni tí ó ní i. Mọ́tò dáadáa ni. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn tí wọ́n ti rà á mọ ohun tí ojú wọn rí, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ jíìpù yìí, òkò ti ba ẹyẹ, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí àwọn tó kù má baà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú ohun tí ó jẹ́. Ọdún 1998 ni Toyota gbé RX 300 wá sí ọjà Amẹ́ríkà. RX 330 dé ní 2003, RX 350 sì tẹ̀lé e ní 2006. A ń pè é ní jíìpù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá Land Cruiser rárá. Ìdílé Camry ni ó ti wá. Irú ìsàlẹ̀ mọ́tò kékeré ni wọ́n gbé sókè, tí wọ́n fi ara ńlá bò, tí wọ́n sì tẹ́ awọ sí inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọ̀ bí tìmùtìmù lójú ọ̀dà. Ìdí náà nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi í kó iṣu láti oko. Ẹni tí ó bá ti jókòó sínú rẹ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó mọ̀ pé ẹ̀yìn kì í dun ni, ẹ́síì rẹ̀ ń tutù, ó sì ga díẹ̀ ju kòtò wa lọ. Ìgbádùn ni, n kò ní fi í du ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ẹ rí níbi tí wọ́n ti ń tà á, tí wọ́n ti fọ̀, tí taya rẹ̀ ń dán, ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, bí jàǹbá bá bá mọ́tò, tàbí tí omi bò ó, tí ilé iṣẹ́ adójútòfò sì rí i pé owó àtúnṣe rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọn a san owó fún olówó rẹ̀, wọn a sì kọ ọ́ sínú ìwé mọ́tò náà pé ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ó di ọjà gbàǹjo. Púpọ̀ nínú irú wọn ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ rántí ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017: àìmọye mọ́tò ni omi bò mọ́lẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Mọ́tò tí omi ti wọ̀ lè dára lójú fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wáyà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á máa tàn láìnídìí, ẹ̀yin àti rìwáyà á sì di ọ̀rẹ́ tipátipá.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni ó tún burú jù. Bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe mọ́tò bá rí i pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mọ́tò níbẹ̀, pé kó gbé e wá fún àtúnṣe ọ̀fẹ́. Ní 2002, Toyota gbà láti tún ẹ́ńjìnnì àwọn RX 300 kan ṣe, nítorí pé ọ́ìlì ń dì bí ẹrẹ̀ nínú wọn. Ní oṣù kejì 2011, wọ́n pe RX 330, RX 350 àti RX 400h ti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2004 dé ìbẹ̀rẹ̀ 2007 padà, nítorí ìbòrí kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, tí ó lè yẹ̀ kí ó sì di pẹ́dà tí a fi ń fún mọ́tò níná mú. Ẹ ronú sí i ná: mọ́tò ń sáré, ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, kò sì dẹwọ́. Ní ti ẹ́ńjìnnì àwọn RX 350 àkọ́kọ́, páìpù kan wà níbẹ̀ tí ó ń gbé ọ́ìlì, rọ́bà sì ni apá kan rẹ̀. Rọ́bà yẹn lè bẹ́, ọ́ìlì á sì tú dànù lójú ọ̀nà. Awakọ̀ tí kò bá dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á nọ́ọ̀kì. Àwọn tí lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n bá wọn pààrọ̀ rẹ̀ láì gba kọ́bọ̀.

Lẹ́tà yẹn kì í bá mọ́tò wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó ra á ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kò sí ẹni tí ó kọ ìwé sí i. Mọ́tò kan náà, rọ́bà kan náà: ọ̀kan gba àtúnṣe ọ̀fẹ́, èkejì lọ ra ẹ́ńjìnnì ní Ládípọ̀. Kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pe èyí ju ìrẹ́jẹ lọ. N kò sọ pé ẹnì kan jókòó pète rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó mọ́tò wọlé, tí ó rí ìwé gbàǹjo, tí ó mọ ìdí tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀, tí ó sì wá sọ fún yín pé obìnrin àgbàlagbà kan ló ń fi í lọ sí ọjà, ẹni yẹn mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì gbówó lórí. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ṣásí, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀. Ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ẹ ó sì tún rí i níbi òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí méjèèjì bá ara wọn mu. J ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ó bá jẹ́ Japan ni wọ́n ti ṣe é. 2T ni bí ó bá jẹ́ Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe RX láti 2003. Èyí tí ó wà ní ipò kẹwàá ń sọ mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún rẹ̀: 5 túmọ̀ sí 2005, 8 túmọ̀ sí 2008. Nítorí náà, bí alágbàtà bá ní 2008 ni, tí ẹ sì rí 5 níbẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ná ọjà. Àjọ NHTSA ti ìjọba Amẹ́ríkà ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè tẹ nọ́ńbà yìí sí lọ́fẹ̀ẹ́, á sì fi hàn bí àtúnṣe kan bá wà tí wọn kò tíì ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ó ti lé ní ọdún 15 lè má hàn. Àwọn mìíràn ń gba owó díẹ̀ láti sọ ìtàn mọ́tò náà, títí kan jàǹbá àti omi. Lórílẹ̀-èdè wa níbí, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ní kí ẹni tí ó ń ta ọjà tí wọ́n tún ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba pé wọ́n tún un ṣe. Ìgbà mélòó ni ẹ ti rí i lára mọ́tò?

Bí ẹni tí ń tà bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Táǹkì RX 330 ń gba lítà 72. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, lítà kan wà ní nǹkan bíi ₦190. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó di nǹkan bíi ₦500. Ní oṣù kẹwàá 2024, ó ti tó ₦1,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: táǹkì kan, ₦72,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin 2024 là sílẹ̀, ₦70,000 ni. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ibi iṣẹ́ gba owó alájẹṣẹ́kù, ó fi ra RX 330. Èyí tí ó rà, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi gbé e dúró dípò sípíríǹgì. Láàárín ọdún kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ti wó lulẹ̀ bí ajá tó jókòó. Mẹkáníìkì kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi sípíríǹgì rọ́pò rẹ̀, ó sì ṣe é, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni jíìpù náà ń jáde. Ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì ni a jọ ń wọ̀, wọ́n sì ń yọ owó alájẹṣẹ́kù kúrò nínú owó oṣù rẹ̀ lọ.

Ìjọ náà sì ní tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ra jíìpù bọ́ síwájú, ó jẹ́rìí, a pàtẹ́wọ́, a gbàdúrà lé mọ́tò lórí. Kò sí ẹni tí ó ń pè é lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé kí ó tún wá jẹ́rìí. Kí àwa olùṣọ́ àgùntàn máa béèrè ẹ̀rí kejì yẹn, ó kéré tán nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin: ẹ́ńjìnnì ńkọ́, gíà ńkọ́, èló ni ẹ ná? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ lọ yá owó lọ́la á gbọ́, á sì mọ ohun tí ó ń wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní RX 350 àtijọ́ nílé, ẹ má ṣe dúró de lẹ́tà. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín lọ́sẹ̀ yìí pé kí ó wo páìpù ọ́ìlì yẹn. Bí ó bá bá rọ́bà níbẹ̀, kí ó fi èyí tí ó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kí ó sì wo kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀ bákan náà, bóyá ohun tí ó dè é mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.