Ìrìn-Àjò Ojú Irin Láti Èkó Dé Ìbàdàn

Nígbàkúùgbà tí ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn òbí a máa bi wá léèrè pé, níbo ni kí àwọn mú wọn lọ? Ìdáhùn wa kò yí padà. Ẹ mú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, kí ẹ sì mú baba àgbà tàbí ìyá àgbà kan dání. Bí kò bá sí àgbà nínú ọkọ̀ náà, ìdajì ìrìn-àjò ni ẹ rìn.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ó yẹ kí ọmọ mọ ohun tí ó ń gùn. Ní ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ tú bùdó wọn ká ní Kírìjí, lẹ́yìn ogun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1877. Ọdún 3 péré lẹ́yìn èyí, ní 1896, ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti etí ọ̀sà Èkó. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹta ọdún 1901, a ṣí i dé Ìbàdàn. Ọ̀nà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa sé mọ́ àwọn ará òkè nígbà ogun, ọ̀nà tí àwọn aláàárù ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ru epo àti ẹkùrọ́ gbà, di ohun tí ènìyàn lè rìn tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i. Ní ọdún 1918, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó-orí àti iṣẹ́ àfipáṣe nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Àdùbí, wọ́n hú irin náà kúrò nílẹ̀. Ẹ sọ èyí pẹ̀lú fún àwọn ọmọ. Ẹni tí ó sọ ti èrè nìkan kò tí ì sọ ìtàn náà tán.

Ojú irin méjì ni ó wà nísinsìnyí. Ti àtijọ́ jẹ́ tóóró, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6 ni láàárín irin kìíní àti èkejì. Owó ni ó fà á: ojú irin tóóró lè yí òkè ká bí ejò, nítorí náà kò béèrè pé kí a gbẹ́ ilẹ̀ púpọ̀. Ti tuntun, tí àwọn ará Ṣáínà kọ́, tí a sì ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tọ́, ó sì yára. Kìlómítà 157 ni gígùn rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn, òun sì ni èrò ń wọ̀ báyìí. Bí a bá bi wá, ti àtijọ́ ni ọkàn wa fẹ́, nítorí ìyípo rẹ̀; ẹni tí ó jókòó ní ìrù ọkọ̀ a máa rí orí rẹ̀ níwájú.

Alágoméjì ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́, ní ibùdókọ̀ tí a fi Mobọ́lájí Johnson pè. Bí àyè bá wà, ẹ kọ́kọ́ dé ọgbà rélùwéè Ẹ̀búté-Mẹ́ta lọ wo Jaekel House, ilé àtijọ́ ti ọdún 1898, níbi tí a kó àwọn ohun ìrántí rélùwéè sí. Bí àgbà tí ẹ mú dání bá jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bi í ní ohun tí baba rẹ̀ sọ nípa ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945, àti nípa Michael Imoudu.

Ọjà, òrùlé àti ariwo ni títí ẹ ó fi kọjá Agége. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀. Ní Papalanto ẹ ó rí orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lára ibùdókọ̀, obìnrin tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ dìde sí owó-orí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn Ogun Àdùbí. Ti Abẹ́òkúta, ní Láderin, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni ó ń jẹ́. Àpáta ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni kí ọmọ tẹjú mọ́ níhìn-ín, kí ó pa fóònù tì.

Orúkọ ńlá ni wọ̀nyí, a kò sì kọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n níbo ni Olókeméjì wà? Ibùdókọ̀ ni lórí ojú irin àtijọ́, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ìjọba sì ti ya igbó sọ́tọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Kò sí nínú àwọn ibùdókọ̀ ti tuntun. Láfẹ́nwá náà kò sí níbẹ̀. Fèrèsé ọkọ̀ tuntun kì í ṣí, ẹ kò ní gbọ́ igbe olónjẹ kankan nísàlẹ̀. Ẹnu àgbà nìkan ni ọmọ ti lè gbọ́ ohun tí a ń tà ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí ó ń tà á. Nítorí náà ni a fi ní kí ẹ mú un dání ní ọdún yìí, kí ẹ má ṣe dá a dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Mọ́níyà, ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni ọkọ̀ yóò já yín sí, ó sì jìnnà sí àárín ìlú. Ẹ fi owó mọ́tò pamọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí Dùgbẹ̀, kí àgbà fi ibùdókọ̀ àtijọ́ han àwọn ọmọ, kí ẹ sì jẹun níbẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ ti Èkó gbéra, kí ẹ sì máa wo aago lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí ọkọ̀ ìpadàbọ̀ kì í dúró de ẹni tí ó ń jẹ àmàlà lọ́wọ́.