Ìyá Yẹn Kì Í Ṣe Àjẹ́

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ìjà ààlà ilẹ̀ kò pín ìlú Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun níyà lórí rẹ̀: pé arúgbó tó ń dìde rìn lóru, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń pe ọmọ rẹ̀ lólè, àjẹ́ ni, ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń dà á láàmú. Irọ́ ni. Àrùn ń jẹ ọpọlọ rẹ̀ ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìyá àgbà tú owó létí ìró rẹ̀, ó tì í sínú ìkòkò gàrí. Kó tó di ọ̀sán, ó ti gbàgbé pé òun fọwọ́ kan ìkòkò. Ó tú ìró wò, kò bá nǹkan kan. Wọ́n ti jí i nìyẹn, ta ló sì wà nílé bí kò ṣe ìyàwó ọmọ? Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ ń ṣú, yàrá tó ti ń sùn láti ọdún gbọ́nhan á di àjèjì lójú rẹ̀. Á di ẹrù, á ní òun ń lọ sílé. Agboolé tí wọ́n bí i sí ló ń wá. Ní 2025 tí ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé nítorí ìjà ìlú méjèèjì, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ pé ìta ti léwu.

“Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́.” Mo ti gbọ́. Ẹni tí kò rántí oúnjẹ àárọ̀, tí wọ́n febi pa nílé àdúrà, tí ogún ènìyàn yí ká tí wọ́n ń bi í pé ṣé ìwọ lo pa àbúrò rẹ, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í bóyá òun ló gbẹ́ odò Ẹ̀rìnlẹ̀, á ní òun ni.

Ọmọ Ìfọ́n gan-an kò yẹ kó bá wọn pe arúgbó lájẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin lẹ ni ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n, àgbàlagbà tó gbéra láti lọ kí Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́, tí wọ́n bá ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà, tí wọ́n pè é lólè, tí wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọdún méje. Kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, òjò ti kọ̀, obìnrin kò bímọ mọ́.

Ní 1901, wọ́n gbé Auguste Deter, ẹni ọdún 51, wá sí ọsibítù kan ní Frankfurt. Ó ń fura sí ọkọ rẹ̀, ó ń kó ẹrù ilé pamọ́, ó ń pariwo. Nígbà tó kú ní 1906, dókítà Alois Alzheimer yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò: ó ti sún kì. Ṣé àjẹ́ Ìlobùú ló fò dé Jámánì ni?

Àrùn náà wà nílẹ̀ Yorùbá. Láti 1992, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, Ògúnníyì àti Hugh Hendrie ṣèwádìí láàárín àwọn arúgbó Ìdíkàn n'Íbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Nínú èsì tó jáde ní 2001, àrùn ọpọlọ arúgbó tí wọ́n ń pè ní dementia, oríṣiríṣi rẹ̀ lápapọ̀, ń mú bí 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ́dún n'Íbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó ní London mọ̀ ọ́n. Arúgbó òyìnbó á fi ìgbẹ́ ra ògiri, á gbá wọn létí. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á pẹ̀tù sí i nínú, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn ni. Bí ìyá tiwọn bá ṣe ìdajì rẹ̀ nílé, owó ìtúsílẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wòlíì!

Bí ìwà arúgbó bá ṣàdédé burú láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ẹ yẹ ibà wò, ẹ bi í bóyá ìgbẹ́ ń há a tàbí eyín ń dùn ún. Ìrora tí kò lè ròyìn ló máa ń di ìjà. Ẹ má sáré ra oògùn wèrè fún un: láti 2005 ni àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn l'Ámẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé ó ń mú ikú yá fún irú arúgbó bẹ́ẹ̀. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ; ọsibítù ńlá UNIOSUN l'Óṣogbo kò jìnnà sí Ìlobùú àti Ìfọ́n.

Wòlíì tó bá sì fẹ́ kí màmá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, kó kọ́kọ́ bi lọ́yà rẹ̀ léèrè ohun tó wà ní abala 210 òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni fún ẹni tó bá pe ọmọlàkejì rẹ̀ lájẹ̀ẹ́.