Ọ̀gá Tí Àṣẹ Rẹ̀ Kò Dé Ìsàlẹ̀ Mọ́



Bí àṣẹ ọ̀gá kò bá múlẹ̀ mọ́, ohun tí a máa ń sọ ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ya aláìgbọràn. Èmi rò pé ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ẹ wo Àfọ̀njá. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni lábẹ́ Aláàfin Awólẹ̀. Ó ṣọ̀tẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀, ó sì ya Ìlọrin sọ́tọ̀. Àwọn jamáà ló fi jagun, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ohun tí wọ́n bá kó lójú ogun ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tó yá, wọn ò mọ ti ọ̀tá yàtọ̀ sí ti ará ilé mọ́. Fágbohùn ará Jàbàtà kìlọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. Ìgbà tó fẹ́ dá wọn lẹ́kun, ó ti pẹ́. Ọwọ́ wọn ló kú sí ní nǹkan bí ọdún 1824. (Àwọn kan ń pè é ní ìjà ẹ̀sìn nìkan. Èmi ò gbà.) Ta ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n pé èèyàn lè kọ àṣẹ ọ̀gá?

Ní Uhud náà, ọdún 3 lẹ́yìn Híjírà, Ànábì (ﷺ) fi tafàtafà 50 sórí òkè, ó ní kí wọ́n má kúrò. Ọrọ̀ ogun ló fa ọ̀pọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀. Abdullah bin Jubayr, olórí wọn, pè wọ́n títí, wọn ò dúró. Síbẹ̀, nínú Suuratu Aali Imraan, àyà 159, Ọlọ́hun pa Ànábì láṣẹ pé kí ó forí jì wọ́n, kí ó sì máa bá wọn jíròrò.

Ilé-kéwú kan ní Ìkòtún ni mo ti ń kọ́ni nígbà kan. Oṣù mẹ́ta kọjá, owó kò wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kan nílé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn òbí ń fún mi lówó lọ́wọ́. Mudíìrù pe ìpàdé ní Sátidé, mo ránṣẹ́ pé ibà dá mi dùbúlẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn òbí yẹn ti di ọ̀gá mi. Kò pẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń dé ní àkókò tó bá wù wọ́n.

Mudíìrù kò pariwo. Ó wá bá wa lẹ́yìn Ìṣáì, ó béèrè ohun tí a ń jẹ, ó sì ṣí ìwé owó sílẹ̀ níwájú wa. Òun náà kò tíì gba kọ́bọ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ti jókòó kí ó tó dé.